Ẹni Tí A Ká sí Ìṣẹ́tí Férémù

Ọjọ́ tí màámi fi ètè wọn tó tutù kan igun kánfáàsì kan, tí kánfáàsì náà sì lẹ̀ mọ́ wọn létè díẹ̀ kó tó já, ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ yé mi pé ohun gbogbo tó bá ní ojú ní ẹ̀yìn. Mo ti ba ègé mẹ́ta jẹ́ ṣáájú. Àwòrán bàbá mi ni mo ń tẹ̀ fún ìrántí ọdún kan ikú wọn, ẹ̀yìn kánfáàsì ni mo sì ń tẹ̀ ẹ́ sí láìmọ̀. Òwú ń fa íńkì mu, íńkì ń ràn bí epo pupa tó dà sí aṣọ funfun, títí imú Papa fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún. Màámi, tí wọ́n ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí mi, yọjú láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

"Mopé, ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi kọ́ ẹ níwèé ní Kánádà, wọn ò sọ fún ẹ pé aṣọ ní ojú? Gbé e wá." Wọ́n fi ètè kàn án. "Ibi tó bá lẹ̀, ibẹ̀ lojú. Tẹ bàbá ẹ síbẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Papa jáde, imú wọn pé, ẹ̀rín wọn pé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ìwé yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi, Ekua Mopélọ́lá Essilfie, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọmọ olóògbé Yoofi Essilfie ará Edina, ìlú àwọn Fante létí òkun, àti Abọ́sẹ̀dé ará Ìlá-Ọ̀ràngún, tí mo ń tẹ àwòrán sórí kánfáàsì nínú yàrá kejì lápá òsì agboolé ẹbí bàbá mi ní Edina, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìpíngún yìí. Orí mi pé, iyè mi sì jí pépé. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi, kò sì sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Ọrùn mi nìkan ni ara rẹ̀ kò dá: gẹ̀gẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwọn dókítà fẹ́ gé kúrò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ló ń dìde lórí tábìlì náà pẹ̀lú àlàáfíà. Wọ́n tún ní iṣan ohùn kò jìnnà sí ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà. Wọ́n ní kí n má bẹ̀rù. N kò bẹ̀rù púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà tó jìn a máa di ẹrù rẹ̀ kó tó jáde.

ÌKÍNÍ. Mo fagi lé ìwé yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Mo fi í ránṣẹ́ sí ìyá màámi ní Ìlá, Màmá Ìlá, tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣe olùkọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n bá mi tún èdè rẹ̀ ṣe. N kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀. Wọ́n fi bírò pupa dá a padà. Ohun tí wọ́n kọ sí etí ìwé náà ni pé: "Mopélọ́lá ọmọ mi, o ní o fẹ́ pín ogun fún ìyá rẹ. Kí ló fi ṣe ọ́ tí o fi fẹ́ gbé ogun tì í? Ogún ni kí o pín. Ogun, ìjà ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo àmì tó wà lórí ìwé yìí, àwọn ni wọ́n kọ́ mi. Èyí tó bá ṣìnà nínú wọn, tèmi ni.

Mo yan màámi àti Ekow Yamoah káfíńtà láti mú ohun tó wà níhìn-ín ṣẹ. Màámi ni yóò kà á sókè ní èdè Fante fún àwọn ará ilé. Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibi tí mo ti sọ ìjà wa. Kò gùn.

ÌKEJÌ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, pẹ̀lú gbogbo íńkì tó kù, di ti Ekow Yamoah. Ẹ̀rọ inú ilé ni. Àwọn tó ṣe é rò pé iṣẹ́ àmúrelé àwọn ọmọ iléèwé ni yóò máa tẹ̀ títí tí yóò fi kú. Èmi ni mo sọ ọ́ di akíkanjú. Ekow, gbọ́ bí a ṣe ń lò ó, nítorí mo mọ̀ pé o ò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Má ti iwájú ki kánfáàsì bọ̀ ọ́ láéláé. Ọ̀nà ibẹ̀ wọ́, kánfáàsì sì nípọn, yóò há a lọ́fun. Ẹ̀yìn ni kí o gbà, níbi tí ọ̀nà ti tọ́. Fi téèpù lẹ bébà líle mọ́ etí kánfáàsì kí ẹ̀rọ lè rí ohun gbá mú. Bí ọmọdé ṣe ń tẹ̀lé àgbà wọ ilé àlejò ni. Lẹ́yìn náà, sọ fún un nínú ètò rẹ̀ pé bébà tó nípọn ni, kí orí tó ń tú íńkì lè gbéra sókè díẹ̀. Bí o bá gbàgbé, orí náà yóò máa ha kánfáàsì lọ, ìlà dúdú yóò gba ojú oníbàárà kọjá, ìyàwó rẹ̀ yóò sì bi ọ́ pé ta ló ní kí o kọlà fún ọkọ òun. Kánfáàsì tó bá ti ká nínú róòlù, fi Bíbélì ńlá Nana, olórí ẹbí bàbá mi, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Gbá ojú rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kí o tó tẹ̀ ẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí fọ́nrán òwú kan tó bá jábọ́ lẹ́yìn tí íńkì ti bà lé e yóò fi ojú àpá funfun sílẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì kí o tó kun fáníìṣì. Mo mọ̀ ẹ́. O máa fẹ́ kùn ún lójú ẹsẹ̀. Má kùn ún.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa Ekow. Ní ọdún kejì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó gbé férémù kan wá tí igun rẹ̀ kò tọ́. Mo na kánfáàsì lé e, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin tó wà nínú àwòrán náà sì dà bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ dojú dé. Mo pariwo mọ́ ọn níwájú oníbàárà: "Ekow, ṣé ojú kan lo fi ń wọn igi ni?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọyẹ́ fi lọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ń bá férémù tuntun lẹ́nu ọ̀nà mi, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ tọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń tì mí lójú láti kan ìṣó mọ́ ọn. N kò tọrọ àforíjì nígbà náà. Mo ń tọrọ rẹ̀ báyìí, níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí. Ekow, ìbéèrè tí o bi mí létí omi lọ́jọ́ Bakatue, ọdún àwọn apẹja, bí mo bá jí pẹ̀lú ohùn, màá fi ẹnu mi dá ọ lóhùn. Bí mo bá jí láìsí ohùn, màá tẹ ìdáhùn náà sórí kánfáàsì ní lẹ́tà gàdàgbà. Bí n kò bá jí, màámi mọ̀ ọ́n. Bi wọ́n.

ÌKẸTA. Àlùmọ́gàjí ńlá tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo dá a padà fún màámi tí wọ́n ni ín.

Ibí ni ìjà wa wà. Fún oṣù márùn-ún, àlùmọ́gàjí yìí ni mo ń yọ́ mú láti gé kánfáàsì. N kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi kun ojú kánfáàsì ń jẹ ẹnu irin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, màámi fẹ́ gé léèsì fún ìyàwó tuntun, léèsì náà ń fà ya bí ẹni ń fi eyín bù ú.

"Ta ló fi àlùmọ́gàjí mi gé pákó?"

Mo ní kì í ṣe pákó, kánfáàsì ni.

"Kánfáàsì! Ó kù kó o gbé e lọ gé òkúta ara ilé olódi àwọn òyìnbó létí òkun. Ọmọ tí mo rán lọ sókè òkun, irin ló bá mi pa dé!"

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ń rán ológbò mi, Àlejò, níṣẹ́ sí ara wa. "Àlejò, sọ fún ìyá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." "Àlejò, sọ fún ìyá àgbà ẹ pé mo ti yó."

Màámi, mo ti gbé àlùmọ́gàjí náà lọ pọ́n. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí n kò tíì sọ fún yín rí. Nígbà tí mò ń lọ sí Winnipeg ní Kánádà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ fi òwú pupa rán orúkọ mi sínú kọ́là gbogbo aṣọ mi: Mopélọ́lá, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kò lè pè é; "Mo" lásán ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi, mo máa ń bá ìyókù orúkọ mi níbẹ̀. Mo dúpẹ́.

ÌKẸRIN. Ológbò mi, Àlejò yìí kan náà, mo fi í sílẹ̀ fún Nana Kobina Bentsil, Ebusuapanyin, ìyẹn olórí ẹbí bàbá mi. Nana ti sọ lójú gbogbo ayé pé àwọn kórìíra ológbò. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ gbẹ̀yìn níṣojú mi, orí ẹja wà lọ́wọ́ wọn lábẹ́ àga, Àlejò sì ń jẹ ẹ́.

ÌKARÙN-ÚN. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí, àti gbogbo ohùn Màmá Ìlá tí mo tọ́jú sórí fóònù, ni kí ẹ dá padà fún Màmá Ìlá. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìwé kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n máa pe apá kánfáàsì tó ká kọjá etí férémù, èyí tí ẹni tó dúró níwájú kì í rí. Wọ́n ní: "Kí ni ìyá rẹ ń pe etí aṣọ tó bá ká a sínú tó rán an? Ìṣẹ́tí ni. Aṣọ tí kò bá ní ìṣẹ́tí, títú ni yóò máa tú." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Mo ṣì ń bọ̀ wá bá a.

ÌKẸFÀ. Yàrá tí mò ń gbé, n kò lè fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe tèmi. Ní Edina, ìyá ló ni ọmọ: ẹbí ìyá rẹ ni ẹbí rẹ. Ní Ìlá, bàbá ló ni ọmọ. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé bàbá mi ni ará Edina, ìyá mi ni ará Ìlá. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní bàbá mi ni ará Ìlá ni, tí ìyá mi jẹ́ ará Edina, ilé méjèèjì ì bá máa fà mí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Báyìí, ilé kan ń nawọ́ sí èkejì pé tiyín ni, èkejì ń nawọ́ padà pé rárá o, tiyín ni. Bí àdán ni mo rí, n kò ṣeku, n kò ṣẹyẹ.

Nígbà tí Papa kú, bí ẹbí wọn bá ní kí èmi àti màámi kó ẹrù wa, kò sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́bi. Ẹnì kan tilẹ̀ dá a lábàá nípàdé. Nana wo yíká. Wọ́n ní: "Èmi ò rí ẹni tó ń lọ o. Ṣé ẹ̀yin rí ẹni tó ń lọ?" Kò sí ẹni tó rí i. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Bí n kò bá dúpẹ́ oore yìí, mo burú ju olè lọ. Mo dá yàrá náà padà fún ẹbí pẹ̀lú ọpẹ́. Mo ti kun ògiri tí íńkì ta sí.

ÌKEJE. Ó kan àwòrán ẹbí tó wà ní gbọ̀ngàn.

Ọjọ́ ìrántí Papa ni a yà á. A gbé àwòrán Papa lé àga àárín, nítorí náà Nana, tí àárín tọ́ sí, lọ jókòó sí ìparí apá ọ̀tún. Mo gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo yí aago rẹ̀, mo sáré. Ìparí apá òsì ni ẹsẹ̀ mi gbé mi dé kí ó tó yà. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ègé kánfáàsì tó gùn jù lọ́wọ́ mi. Ohun tí n kò tíì mọ̀ ni pé férémù máa ń jẹ kánfáàsì: ìbú ìka mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ká lọ sẹ́yìn. Mo ti fi àyè funfun sílẹ̀ lápá òsì. N kò fi sílẹ̀ lápá ọ̀tún. Nígbà tí mo kan ìṣó tó kẹ́yìn, ìdajì Nana ti yà ní kọ́nà.

Níṣojú gbogbo ẹbí ni a ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Nana wò ó níwájú, wọ́n lọ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n padà síwájú.

"Ekua, ojú mi kejì dà?"

"Nana, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbí."

"Kí ló wá débẹ̀? Ọdún méjìlélógún tí mo ti ń darí ilé yìí, ìwọ wá ká mi bí ẹní!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nana kò rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta gbáko, bí mo bá kí wọn láàárọ̀, èsì tí mò ń gbà ni: "Ìdajì mi ti gbọ́. Wá kí ìdajì kejì nígbà tó bá dé."

Mo ra ègé mìíràn, kò gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo bá dín àwòrán náà kù, ojú èèyàn mẹ́tàlélógún yóò kéré bí ẹ̀wà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní ìṣẹ́tí. Mo ti àwòrán náà sápá òsì, díẹ̀díẹ̀, títí Nana fi bọ́ síwájú lódindi pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Bí mo ṣe na kánfáàsì tán, èjìká mi kan ló kù níwájú. Ojú mi ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Màámi nìkan ló bá mi wí. "Lọ tẹ òmíràn. Mi ò lóyún ẹ̀gbẹ́ kan. Odindi ọmọ ni mo bí."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwòsàn ní kí ẹnì kan láti inú ẹbí fọwọ́ sí ìwé nítorí iṣẹ́ abẹ. Màámi ti mú bírò. Nana gbà á lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì bi Nana pé kí ni wọ́n jẹ́ sí mi. Bí ará Edina bá ṣírò rẹ̀, wọn kò jẹ́ nǹkan kan sí mi.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé, èmi ni ọkùnrin tó ká bí ẹní."

"Nana, kò sí àyè fún irú ìyẹn."

"Àbí ẹ̀yin náà ò fi àyè sílẹ̀ létí?"

Wọ́n fọwọ́ sí i. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, n kò sì mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti di ẹkún.

Lọ́jọ́rú, Nana rán mi kí n lọ mú awò ojú wọn wá lórí àga wọn ní gbọ̀ngàn. Ó rẹ̀ mí, mo jókòó sórí àga náà. Ẹ̀bá ògiri ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹbí gan-an. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò lè rí iwájú àwòrán rárá. Mo gbójú sókè. Ojú ara mi ló ń wò mí láti ìṣẹ́tí.

Ẹnu ọ̀nà ni àga yẹn máa ń wà tẹ́lẹ̀. Mo gbé awò náà lọ, mo bi Nana pé ta ló gbé àga wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni. Ọjọ́ tí a gbé àwòrán kejì kọ́."

"Nana, kí ló dé?"

"Gbogbo àwọn tó wà níwájú yẹn, bí mo bá wò wọ́n, kálukú wọn ló ń retí nǹkan lọ́wọ́ mi. Ìwọ nìkan lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ò ń wò mí lásán. Ẹni tó bá fọwọ́ kan àwòrán yẹn, èmi àti ẹ̀ ni o."

Nítorí náà, n kò tíì lè parí ẹ̀ka keje yìí.

Mo fi ọwọ́ mi sí i ní Edina, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá, ọdún 2023.

Ekua Mopélọ́lá Essilfie

Àwọn tó rí mi nígbà tí mo fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i níṣojú mi: Efua Bondzie, nọ́ọ̀sì, àti Kwamina Egyir, olùkọ́. Òfin ní ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jogún, nítorí náà mo ti fún wọn ní dɔkon, ẹ̀kọ àwọn Fante, àti ẹja díndín kí wọ́n tó mú bírò.

Màmá Ìlá, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ ka ìwé yìí. Ekow yóò fi fóònù ya gbogbo ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ yìí. Mo ti rí kánfáàsì kan rà tó gùn tó, tí gbogbo wa lè wà níwájú, tí àyè yóò sì kù létí. Ègé kan ṣoṣo ló wà. Ó wà lábẹ́ Bíbélì Nana, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Nana kò mọ ohun tí Bíbélì wọn ń tẹ̀. Bí n óò bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀la ni, kí ó lè gbẹ lọ́jọ́ Àìkú, kí fáníìṣì rẹ̀ lè gbẹ lọ́jọ́ Ajé. Màámi ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ gbọ̀ngàn yẹn rí ọmọ wọn níwájú, kó pé. Nana ń fẹ́ kí n wà níbi tí mo wà. Bí n kò bá padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni yóò máa wo ohun tí kò fẹ́ lára ògiri yẹn títí ayé wọn. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Mopélọ́lá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi bírò pupa yín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n tẹ ara mi síwájú, àbí kí n dúró sí ìṣẹ́tí?